Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mùtí Tó Fi Ọtí Sílẹ̀ Bẹ̀rẹ̀?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tí kì í dárúkọ ara wọn ní gbangba, máa ń ṣèrántí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ wọn. Ọdún 1935 ni wọ́n ti ń kà á bọ̀, nítorí wọ́n gbà pé ní ọjọ́ náà, nílùú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, dókítà oníṣẹ́-abẹ kan tí ń jẹ́ Robert Holbrook Smith mu bíà kan láàárọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n lórí aláìsàn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kò sì tún fi ẹnu kan ọtí mọ́ títí tó fi kú. Ọmọ onílé ló mọ ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ lélẹ̀, nítorí náà mi ò ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ọjọ́ mìíràn ló tọ́ sí àyẹyẹ náà. Lójú tèmi, ọjọ́ Sátidé, 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ni ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan, nígbà tí ọkùnrin kan tí òùngbẹ ọtí ń gbẹ kọjú sí tẹlifóònù dípò kó kọjú sí ilé ọtí.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi fúnra mi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé n'Íbàdàn, ògógóró sì gba iṣẹ́, ìyàwó àti ilé lọ́wọ́ wọn ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. A gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà, a mú wọn fi Bíbélì búra, a kó owó wọn pa mọ́, àwọn àgbà ẹbí sì pè wọ́n jókòó ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń mu ún ti fẹsẹ̀ fẹ ní ọjọ́ tí owó tán lápò wọn. Gbogbo àwa tó kù tí a ń bá wọn sọ̀rọ̀, láti orí pásítọ̀ dé orí àna, òkè la ti ń sọ̀rọ̀ sí wọn nísàlẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wa tí ọtí ti ṣe bí ó ti ṣe wọ́n, tó sì lè jókòó tì wọ́n kó sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ti gbé e mì láàárọ̀ rí kí ọwọ́ mi tó lè di ife tíì mú.” Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú wọn, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yìí kan tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń to àga níbẹ̀ kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan láìmutí, ẹni tó sì ń da tíì fún un ti lo ọdún mọ́kàndínlógún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn wọn kà.

William Griffith Wilson, tí ẹgbẹ́ mọ̀ sí Bill W., ni a bí ní East Dorset ní ìpínlẹ̀ Vermont ní ọdún 1895. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ ìṣirò àwọn iléeṣẹ́ wò fún àwọn tó ń ra ìpín ìdókòwò ní Wall Street, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú títí ọjà ìdókòwò fi dojú dé ní 1929, tí ọtí sì jẹ èyí tó kù. Nígbà tó fi máa di ọdún 1934, owó tí Lois ìyàwó rẹ̀ ń gbà ní ilé ìtajà ńlá kan ni wọ́n fi ń jẹun. Léraléra ni Bill ń wọ ilé ìwòsàn Towns ní New York, níbi tí Dókítà William Silkworth ti ṣàlàyé fún un pé àìsàn ló ń ṣe é: ara rẹ̀ kì í gba ọtí bí ara àwọn ẹlòmíràn ti ń gbà á, bí ẹ̀kán kan bá sì ti wọlé, ọkàn rẹ̀ kò ní agbára láti ní ó tó. Ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀mùtí sí oníwà ìbàjẹ́ lásán, ọ̀rọ̀ dókítà yìí mú ìtura wá fún Bill, àmọ́ ìtura yẹn kò dá a dúró. Ó jáde ní ilé ìwòsàn, ó sì tún mu ún.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ti jọ ń mutí, Ebby Thacher, wá kí i nílé rẹ̀ ní ojúlé 182, òpópónà Clinton, ní Brooklyn. Bill gbé jinì àti omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó kalẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, Ebby sì ní òun kò mu. Ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Oxford Group pàdé, èyí tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ Amẹ́ríkà kan, Frank Buchman, dá sílẹ̀. Àwọn ará ẹgbẹ́ yìí máa ń jẹ́wọ́ àṣìṣe wọn fún ara wọn, wọ́n máa ń lọ tún ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, wọ́n sì máa ń dákẹ́ gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Ẹni tó fa Ebby wọ inú rẹ̀ ni Rowland Hazard, ọmọ olówó láti Rhode Island, tí òun náà ti mutí dé ọ̀dọ̀ Carl Jung, dókítà àìsàn ọpọlọ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Switzerland. Jung sọ fún Rowland láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ìmọ̀ ìṣègùn kò ní ohun tó lè ṣe fún un mọ́, àfi bí ìyípadà jíjinlẹ̀ nípa ti ẹ̀mí bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ dókítà yìí sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1934 ni Bill wọ ilé ìwòsàn Towns fún ìgbà ìkẹyìn. Lórí ibùsùn níbẹ̀, nínú ìbànújẹ́ tó pọ̀ ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, ó ké pe Ọlọ́run pé bí ó bá wà kó fi ara rẹ̀ hàn, ó sì sọ pé ìmọ́lẹ̀ kún yàrá náà, ọkàn òun sì fúyẹ́. Ó bẹ̀rù pé orí òun ti dàrú, ṣùgbọ́n Silkworth gbà á níyànjú pé ohun yòówù kí ó jẹ́, kí ó dì í mú. Bill kò mutí mọ́ láti ìgbà náà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà nítorí ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e gẹ̀gẹ̀, torí pé a ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀mùtí tí wọ́n rí ìran, tí wọ́n sì padà sídìí agbè ní ọjọ́ kẹta.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn ni oṣù márùn-ún tó tẹ̀ lé e. Bí Bill ti jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré kiri New York, ó ń wàásù ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀mùtí nílé ìwòsàn, ní ibùdó àwọn aláìnílé, ó tilẹ̀ ń gbé wọn wá sílé fún Lois láti bọ́. Kò sí ẹnìkan péré nínú wọn tó jáwọ́. Nígbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú un, ó wá yé e pé bí àwọn tó kù ti ń mu ún tó yìí, òun fúnra rẹ̀ kò tíì mu ún. Silkworth sì bá a wí pé ìwàásù rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé kí ó fi ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ó kọ́kọ́ sọ fún ọ̀mùtí bí àìsàn náà ti rí àti bí kò ti ní ìwòsàn nínú agbára ènìyàn, nítorí pé lẹ́nu ẹni tó ti ṣe rí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti lè wọlé. Àwọn àgbà wa náà ti wí pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí Silkworth ń sọ lé díẹ̀ sí ti àgbà: ẹni tó jìn sí kòtò náà kò ní rọ́nà jáde, àfi bó bá ń nawọ́ sí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, iṣẹ́ gbé Bill lọ sí Akron, ìlú tí àwọn iléeṣẹ́ rọ́bà pọ̀ sí. Òun àti àwọn kan fẹ́ gba àkóso iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn onírọ́bà, èyí tí ì bá sọ ọ́ di ọ̀gá tí owó yóò sì tún padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ìdìbò náà kò bọ́ sí i, àwọn tí wọ́n jọ wá sì padà sí New York. Ó ku òun nìkan ní òtẹ́ẹ̀lì Mayflower ní ọ̀sán Sátidé, nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá lápò, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílùú náà. Ní ìpẹ̀kun kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni ilé ọtí wà, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àti ìró ife. Ní ìpẹ̀kun kejì ni tẹlifóònù wà pẹ̀lú orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ọkàn òun ń wí pé kí òun kàn lọ jókòó, kí òun mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí òun fi bá ènìyàn ṣọ̀rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé pẹ̀lú ọ̀mùtí mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà á nígbà tó gbọ́ ohùn yẹn nínú ara rẹ̀.

Ó pe àlùfáà kan, Walter Tunks, ó sì sọ fún un pé ọ̀mùtí láti New York ni òun, òun sì nílò láti bá ọ̀mùtí mìíràn sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbìyànjú láti wo ojú àlùfáà náà lọ́kàn mi. Àwọn tó ń pe àlùfáà nítorí ọtí máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó wá gba ẹnìkan là. Ti Bill yàtọ̀, nítorí ó ń wá ẹni tó burú bíi tirẹ̀ kí òun fúnra òun má baà mu ún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń tẹ tẹlifóònù láti orúkọ kan dé òmíràn, títí ó fi kan Henrietta Seiberling, ìyàwó ọmọ ẹni tó dá iléeṣẹ́ táyà Goodyear sílẹ̀, tó ń gbé ní ilé ẹnu géètì ọgbà Stan Hywet. Henrietta àti àwọn ará Oxford Group mélòó kan ti ń gbàdúrà fún dókítà kan láàárín wọn. Ó ní kí Bill máa bọ̀.

Dókítà náà kò lè wá ní ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ àwọn ìyá ló máa jẹ́ lọ́la, ó sì ti gbé òdòdó inú ìkòkò wálé fún Anne ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn èyí ni ọtí gbé e ṣubú. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sunday, 12 oṣù Karùn-ún, Smith dé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ti sọ fún Anne pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni òun óò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò náà. Ó ti lé ní aago mọ́kànlá òru kí wọ́n tó dìde. Smith mọ Bíbélì ju Bill lọ, ó sì mọ ìṣègùn jù ú lọ pátápátá. Kò sí ẹ̀kọ́ tuntun kan tí Bill lè kọ́ ọ. Ohun tí dókítà náà wí lẹ́yìn náà ni pé Bill ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá òun sọ̀rọ̀ nípa ọtí láti inú ohun tí ojú rẹ̀ rí, tó sì ń sọ èdè tí òun gbọ́. Ibí yìí ni Bàbá Kékeré ti máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀ wá dé. Smith lọ sí àpéjọ àwọn dókítà ní Atlantic City, ó bẹ̀rẹ̀ sí mu ún nínú ọkọ̀ ojú irin, ọjọ́ mélòó kan sì kọjá kí wọ́n tó rí i padà. Wọ́n ní láti mú ara rẹ̀ balẹ̀ kíákíá nítorí iṣẹ́ abẹ kan tó ń dúró dè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Bill fúnra rẹ̀ ló fún un ní bíà kan kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, ṣùgbọ́n Smith kò wálé fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọkàn gbogbo wọn sì ti kó sókè. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ ní gbèsè àti àwọn tó ṣẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, àwọn méjèèjì wá ẹlòmíràn lọ sí ilé ìwòsàn ìlú Akron, agbẹjọ́rò kan tí wọ́n ti gbé wọ ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín oṣù mẹ́fà, tó sì ti lu nọ́ọ̀sì méjì. Ó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, kò sì mutí mọ́. Wọ́n wá di mẹ́ta.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kò yá. Ní 1937, nígbà tí Bill àti Smith jókòó ka iye àwọn tó ti pẹ́ láìmutí, nǹkan bí ogójì ni wọ́n rí ní ìlú méjèèjì. Ojú Bill bẹ̀rẹ̀ sí ríran jìnnà: ó fẹ́ ilé ìwòsàn, ó fẹ́ àwọn òjíṣẹ́ tí a ń san owó oṣù fún, ó fẹ́ ìwé. Nínú gbogbo rẹ̀, ìwé yìí nìkan ló kọjá àlá. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ John D. Rockefeller Kékeré, ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n rò pé ìyà ti tán. Ní 1938 ó fi $5,000 sílẹ̀ fún wọn, ó sì ní owó tó bá ju èyí lọ lè ba nǹkan náà jẹ́. Wọ́n fi owó náà san gbèsè ilé Smith, wọ́n sì ń fún òun àti Bill ní $30 lọ́sẹ̀ títí ó fi tán. Inú bí Bill nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń lékè, bí ọwọ́ olówó náà bá sì ti wà lórí ẹgbẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò rò pé à bá máa sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938, lórí ibùsùn rẹ̀ ní òpópónà Clinton, Bill kọ ìgbésẹ̀ méjìlá tí ọ̀mùtí óò gbé láti jáwọ́ sílẹ̀ fún ìwé náà láàárín nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí orúkọ Ọlọ́run tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí ìwé náà jẹ́ ti onígbàgbọ́ gan-an, àwọn kan tí wọn kò gba Ọlọ́run gbọ́ sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀mùtí yóò sá. Gbólóhùn tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni “Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí a ti lóye Rẹ̀”, ó sì jẹ́ ilẹ̀kùn tí Mùsùlùmí, ẹlẹ́sìn Búdà àti aláìgbàgbọ́ ti ń gbà wọlé láti ìgbà náà. Ìwé náà jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1939. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn gan-an kí ẹni tó bá san $3.50 lè mọ̀ pé òun gbé nǹkan tó wúwo lọ́wọ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Big Book dòní. Ìwé náà kọ̀, kò tà. Ọ̀kan nínú wọn rí àyè sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n ti ọkùnrin náà mọ́nú yàrá ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú kí ó má baà mutí, wọ́n sì fi káàdì 20,000 ránṣẹ́ sí àwọn dókítà pé kí wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Ẹni méjì péré ló ní òun fẹ́ ra ìwé. Ní oṣù kan náà ni báńkì gba ilé òpópónà Clinton, Bill àti Lois sì di ẹni tó ń sùn nílé ọ̀rẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì.

Mo fẹ́ràn láti dúró díẹ̀ sọ́dọ̀ obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ìjọ Àgùdà kan, Sister Ignatia, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tó ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St. Thomas ní Akron. Ilé ìwòsàn ìgbà náà kì í fẹ́ ọ̀mùtí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1939, Dókítà Smith bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun gba ọ̀kan wọlé, Sister Ignatia sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí inú ń run. Nígbà tí Smith ní ó yẹ kí aláìsàn náà wà níbi ìkọ̀kọ̀ tí àwọn èèyàn lè ti wá bá a sọ̀rọ̀, yàrá tí wọ́n ti ń to òdòdó fún àwọn aláìsàn ló ti ibùsùn rẹ̀ wọ̀. Láti inú yàrá òdòdó yẹn, òun àti Smith tọ́jú nǹkan bí ọ̀mùtí 5,000 kí dókítà náà tó kú ní 1950, Smith kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1941 ni ìròyìn wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Saturday Evening Post, tí Jack Alexander kọ. Nǹkan bí 2,000 ni wọ́n nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi parí, wọ́n ti tó 8,000. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò rí Bill rí, tí kò sì sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́, ń hù jáde bí olú láti inú lẹ́tà àti ìwé nìkan, pẹ̀lú ìjà oríṣiríṣi: ta ni kí á gbà, ta ni kí á lé, ta ló ni owó àpò. Marty Mann, ọ̀kan lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó dúró pẹ́, kò rí i ní ìrọ̀rùn láàárín ọkùnrin tó rò pé obìnrin kì í di ọ̀mùtí. Àwọn ọ̀mùtí aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà náà, nígbà tí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ṣì jẹ́ òfin, ní láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, bí wọ́n ti ṣe ní Washington ní 1945.

Nínú wàhálà yìí ni Bill ti gbọ́ ìtàn àwọn Washingtonian. Ní 1840, ní Baltimore, ọ̀mùtí mẹ́fà nínú ilé ọtí kan jọ pinnu láti jáwọ́, wọ́n sì ń jẹ́rìí fún àwọn ọ̀mùtí mìíràn gan-an bí Bill àti Smith ti wá ń ṣe. Ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún ènìyàn tẹ̀ lé wọn. Abraham Lincoln tilẹ̀ bá ẹ̀ka wọn sọ̀rọ̀ ní Springfield ní 1842. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ti túká. Wọ́n ti ki ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ òfin ọtí àti òṣèlú, àwọn asọ̀rọ̀-níwájú-èrò ti gba ipò iwájú, iṣẹ́ tí ọ̀mùtí kan ń ṣe fún ọ̀mùtí kejì sì ti di ẹ̀yìn. Láti inú ẹ̀rù èyí ni àwọn àṣà méjìlá ti jáde, tí Bill kọ́kọ́ tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, Grapevine, ní oṣù Kẹrin ọdún 1946, tí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí ní Cleveland ní oṣù Keje ọdún 1950. Ẹgbẹ́ kò ní gba owó ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kò ní dá sí ìṣèlú, kò ní ya orúkọ rẹ̀ fún iléeṣẹ́ kankan. Ohun kan ṣoṣo tí a óò fi mọ ọmọ ẹgbẹ́ ni pé ó wù ú láti jáwọ́ nínú ọtí. Ọmọ ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ gbé orúkọ ara rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí rédíò gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé Yorùbá yẹ kí ó tètè yé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ní “ọ̀mùtí ni mí” kò bú ara rẹ̀ nìkan; ó ti bú agbo ilé, ó ti bú oríkì, àwọn tí wọ́n fẹ́ fẹ́ àbúrò rẹ̀ yóò sì fi èyí ṣe ìwádìí. Bill W., Dr. Bob (bí wọ́n ti ń pe Smith nìyẹn): orúkọ àkọ́kọ́ àti lẹ́tà kan péré, agbo ilé ti wà lábẹ́ ààbò. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ìdí kejì wà tó le ju ìyẹn lọ. Ní 1954, yunifásítì Yale fẹ́ fún Bill ní oyè dókítà nínú òfin, wọ́n tilẹ̀ ní àwọn lè fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ nìkan kọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ̀ ọ́. Ènìyàn tó fẹ́ràn ìyìn ni Bill, òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo gbà pé ìkọ̀sílẹ̀ yìí dùn ún dé egungun.

Ẹni tí ìtàn máa ń gbójú fò ni Lois. Ó ti bọ́ ọkọ tí ń mutí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọkọ náà wá jáwọ́, ìpàdé lọ́tùn-ún, ìpàdé lósì, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè bí òun náà ti ń ṣe. Ní ọjọ́ kan tí Bill ní kí ó yára kí wọ́n má pẹ́ dé ìpàdé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sọ ọ́ lù ú, ó sì fi ìpàdé gégùn-ún. Bàtà yẹn ni mo kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Al-Anon, ẹgbẹ́ ìyàwó, ọkọ, ìyá àti ọmọ ọ̀mùtí, tí Lois àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tò jọ ní 1951. Ìyá mi ì bá fẹ́ irú rẹ̀ n'Íbàdàn, torí àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ Bàbá Kékeré láàárọ̀, tí wọ́n sì ń purọ́ fún àwọn oníbàárà tó wá béèrè iṣẹ́ wọn.

Ní St. Louis ní 1955, nígbà tí ẹgbẹ́ pé ogún ọdún, Bill gbé àkóso rẹ̀ lé àwọn aṣojú tí ọmọ ẹgbẹ́ yàn lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1971, ọjọ́ àyájọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí sìgá fà ló sì pa á. Ohun tó gbà á lọ́wọ́ ọtí kò gbà á lọ́wọ́ tábà. Ẹgbẹ́ náà fojú bù ú pé àwọn lé ní mílíọ̀nù méjì báyìí, ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 180. Ní 2020, àjọ Cochrane tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn kó ìwádìí 27 jọ, lórí ènìyàn 10,565, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà ìgbésẹ̀ méjìlá yìí, bí a bá ṣe é bí ó ti tọ́, máa ń mú kí iye ènìyàn tó jáwọ́ pátápátá pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìtọ́jú mìíràn lọ. Kò bá gbogbo ènìyàn lára mu, mo sì mọ àwọn tó gba ọ̀nà mìíràn tó yè. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti mọ́ ọtí lójoojúmọ́ kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, torí gìrì lè mú un, ó sì lè kú.

Mo ní n óò padà sórí ọ̀rọ̀ Jung. Ọ̀rẹ́ mi tó mú mi lọ sí ìpàdé sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ fi ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ sẹ́yìn, kí n kúkú gbé e dé Switzerland, níbi tí dókítà kan ti sọ òtítọ́ fún aláìsàn kan. Mo ní rárá, torí pé dókítà ni Jung, kì í ṣe ọ̀mùtí. Síbẹ̀, mo gbà pé ìyókù ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1961, Bill jókòó, ó sì kọ lẹ́tà sí Jung láti sọ fún un ohun tí ìjíròrò rẹ̀ pẹ̀lú Rowland Hazard ti bí. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni Jung fèsì, oṣù bíi mẹ́rin ó lé díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò gbúròó Rowland mọ́ láti ìgbà náà, òun sì máa ń rò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà já sí.